Ẹ Kọ Orúkọ sí Fọ́tò Yín

A ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ o, torí ọjà ń dúró de kálukú wa.

Ẹgbẹ́ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi fọ́tò ẹbí rẹ̀ ṣe ojú ewé kan, ká fi díje. Àwọn kan ń bi wá pé, ṣé iṣẹ́ ọmọléèwé kọ́ nìyẹn? Rárá o. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àgbà bá papò dà. Àwọn ọmọ á tú àpótí, wọ́n á kó fọ́tò jáde, wọ́n á máa bi ara wọn pé, "Ta nìyí?" Ẹni tó lè dáhùn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn.

Fọ́tò nìkan kì í sọ gbogbo òótọ́. Ẹ̀yin àgbà á rántí fọ́tò ìbejì ayé àtijọ́. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ irú aṣọ èyí tó lọ fún èyí tó kù, wọ́n á tún yà á. Ọmọ méjì lojú rí, ọmọ kan ló wà ńbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, báwo lọmọ-ọmọ ṣe fẹ́ mọ̀?

Ẹ tún wo J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà. Orúkọ irun tẹ̀lé fọ́tò rẹ̀, ìyẹn la fi mọ Onílé Gogoro dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin tó di irun náà, a ò mọ orúkọ wọn.

Bá a ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é nìyí. Àkọ́kọ́, fọ́tò mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, kí gbogbo wọn sì dá lórí ọ̀rọ̀ kan: ìsọ̀ ìyá àgbà, ìkómọ, tàbí ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn gbàwé jáde.

Ìkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ ojúlówó fọ́tò mọ́ páálí, ẹ má sì gé e. Gọ́ọ̀mù máa ń bà á jẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò tàbí àwọn oníkọ̀ǹpútà, kí wọ́n bá yín tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ lẹ̀.

Ìkẹta, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ibi tí wọ́n ti yà á, àti ọdún. Bí ọdún ò bá dájú, ẹ kọ ọ́ báyìí: "kí wọ́n tó bí Táíwò." "Ìyá Ẹlẹ́ja" nìkan ò tó o, Ìyá Ẹlẹ́ja pọ̀ lọ́jà. Orúkọ àbísọ ni kẹ́ ẹ kọ.

Ìkẹrin, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn ojúlówó, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù, torí báírò lè hàn síwájú. Ẹ tọ́jú ẹ sókè, kí omi àti ikán má bàa dé ibẹ̀.

Ẹni tí ò mọ̀wé, kó máa sọ, kí ọmọ rẹ̀ máa kọ. Ìtàn ẹbí tí ọmọ ò tíì gbọ́ rí á jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní inú fóònù ni tiyín wà, ṣé fóònù kì í sọnù ni? Ẹ tẹ díẹ̀ jáde.

A ò ní fi òdòdó àti ríbọ́ọ̀nù ṣèdájọ́. Ojú ewé tí àlejò lè kà, kó sì mọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ló máa gbégbá orókè.

Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.