Àwọn Ìlú Kéékèèké Etí Odò Ògùn

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni a mú wá lónìí. Ẹni tó bá gba títì ọ̀dà láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí yóò tètè dé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ odò tí wọ́n fi sọ ilẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn, àfi kó yà sí ọ̀nà oko.

Ẹ jẹ́ ká ka orúkọ náà dáadáa. Ògùn ni odò. Ògún, tí ohùn rẹ̀ lọ sókè, ni òrìṣà irin. Pátákó ẹ̀bá ọ̀nà kì í sábà fi àmì sí i. Yemọja ni àwọn àgbà mọ̀ mọ́ odò yìí.

Apá Ṣakí ni Ògùn ti ṣẹ̀. Òfìkì náà, apá ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè máa fẹsẹ̀ rìn lórí àpáta inú odò náà, kí ẹ máa rí omi ní kòtò kòtò. Tí òjò bá dé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Láyé àtijọ́, igbá ni wọ́n fi ń sọdá. Wọ́n á gbé igbá ràgàjì sórí omi, èrò á di ẹ̀gbẹ́ kan mú, òmùwẹ̀ á di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, wọ́n á kọjú síra wọn, òmùwẹ̀ á sì máa fi ẹsẹ̀ wa omi títí wọn á fi gúnlẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní nǹkan bí 1860 kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ẹ̀rù á mà bà wá o!

Nítòsí Ìsẹ́yìn, ní Ìkẹ̀rẹ̀, ìjọba Alhaji Shehu Shagari (1979 sí 1983) bẹ̀rẹ̀ dáàmù ńlá kan. Omi pọ̀ níbẹ̀ lọ bí òkun, àwọn apẹja sì ń rí jẹ. Iná mànàmáná tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún la fi retí rẹ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta ń mu omi odò yìí, apá kan Èkó náà ń mu ún, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin abúlé etí odò ṣì ń ru garawa.

Ohun kan wà tí àlejò kì í tètè rí. Níbi tí omi ti ń sáré láàárín àpáta, eṣinṣin kékeré dúdú kan ń pa mọ́ níbẹ̀. Ọ̀sán ló ń jẹni, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò ràn án. Ó ń kó aràn sí ènìyàn lára. Ara á kọ́kọ́ máa yún, ojúgun á ní àmì bí awọ ẹkùn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ojú á fọ́. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni láti 1987, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ọmọ aràn ló ń pa. Ìyá wọn lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fo ọdún kan. Aboyún àti ọmọ kéékèèké kì í lò ó.

Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn kí wọ́n tó fún un. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ fìlà, kí ẹ nàró dáadáa.” Gíga ènìyàn ló ń sọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ọmọ abúlé náà gan-an ló ń pín in, òun ló sì ń kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́ orí, iye hóró, ilé dé ilé. Ní abúlé tí kò bá sí ẹni tó lè kọ ọ́, ará ìta ni wọ́n ń dúró dè.