Ara tí Kò Gba Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í dun ènìyàn. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn láìsí ìrora kankan ni wọ́n fún ní oògùn tí yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí oṣù kan bá kọjá tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ta ni yóò dá a lẹ́bi bí ó bá da oògùn náà nù? Ṣùgbọ́n ọ̀rá kò sinmi. Ó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi há, tí àrùn ọkàn tàbí àrùn ẹ̀gbà yóò fi dé.

Statin ni orúkọ ìdílé àwọn oògùn wọ̀nyí. Akira Endo, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó rí àkọ́kọ́ wọn nínú irú ohun tí ó máa ń hù bo oúnjẹ tí ó bá pẹ́ jù nílẹ̀. Ọdún 1976 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣe ọ̀rá tó bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ a sì máa fa èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Kì í ṣe irọ́ pé ó lè ba ẹran ara jẹ́. Ní ọdún 2001 wọ́n kó ọ̀kan nínú wọn, cerivastatin, kúrò lọ́jà, nítorí pé ó ba ẹran ara àwọn kan jẹ́ dé ibi pé kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì kú. Irú èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn statin tí ó kù. Àbímọ́ náà ní ipa tirẹ̀: ní ọdún 2008 àwọn olùwádìí fi hàn pé ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì SLCO1B1 ń mú kí simvastatin tètè ṣe àwọn tí ó jogún rẹ̀ léṣe. Oògùn apakòkòrò bí erythromycin a tún máa mú kí simvastatin yìí kan náà pọ̀ jù nínú ara. Aláìsàn mélòó ni wọ́n ń bi léèrè oògùn mìíràn tí ó ń lò?

Ìwádìí kan tí ó jáde láti Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 2020 ni ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ènìyàn 60 tí wọ́n ti fi statin sílẹ̀ nítorí ìnira ni wọ́n pè. Láàrin ọdún kan, wọ́n lo statin fún oṣù mẹ́rin, wọ́n lo hóró tí kò ní oògùn nínú fún oṣù mẹ́rin, wọn kò sì lo nǹkan kan rárá fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n da àwọn oṣù náà pọ̀ mọ́ra wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi máàkì díwọ̀n ìnira wọn, láti òdo títí dé 100. Nínú oṣù tí kò sí hóró rárá, máàkì 8 ni. Nígbà hóró òfìfo, 15.4, nígbà statin, 16.3.

Oníṣègùn tí ó bá ti ibi yìí sọ fún aláìsàn pé èrò ọkàn rẹ̀ lásán ni ti ṣìnà. Ìrora náà wà ní tòótọ́, bí kò tilẹ̀ ti inú oògùn wá. Ẹni tí ó bá ń retí ìrora a máa rí i, ríro eegun tí àgbà ti ń gbé kiri tẹ́lẹ̀ yóò sì di ẹ̀ṣẹ̀ hóró. Nígbà tí wọ́n fi àbájáde han àwọn 60 náà, ìdajì wọn padà sí ìdí oògùn.

Ní ti ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á lóòótọ́, wọn a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn a dín ìwọ̀n oògùn kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ezetimibe tún wà, èyí tí ń dènà ọ̀rá láti inú ìfun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara bá ń ro gidigidi, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, kí ó dá oògùn dúró, kí ó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.