Bí Iná Gáàsì Ò Bá Lágbára Lábẹ́ Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Àwọn tó ń fi gáàsì se ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní iná ò lágbára mọ́, omi àgbàdo ò hó bọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dojú sílíńdà dé o! Gáàsì olómi ló máa tú jáde, iná ńlá nìyẹn. Ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná pé kó lè gbóná.

Ẹ fọwọ́ kan ara sílíńdà. Tó bá ń làágùn, tó tutù bíi yìnyín, ó ti kéré fún bọ́nà yẹn: gáàsì inú rẹ̀ ò tètè di afẹ́fẹ́ mọ́. Kílò 12.5 ló yẹ ìkòkò ńlá, kì í ṣe kílò 3. Régúlétọ̀ sítóòfù ilé náà kì í sábà tó bọ́nà ńlá.

Tí iná bá wá pọ́n, tó ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló sábà máa ń dí. Ẹ pa á, kó tutù, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérí àti òwú aláǹtakùn kúrò. Ihò gáàsì gan-an, ẹ má fi ìṣó gún un, á fẹ̀ jù.

Tẹ́ ẹ bá dè é padà, omi ọṣẹ lẹ fi ń wò ó bóyá ó ń jò. Ìṣáná kọ́ o! Àwa ọ̀dọ́ á yí ká lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbé bọ́nà yín síta dè wá.