Ẹ Bi Wá Bóyá A Ń Sùn
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ ayẹyẹ)



Ẹ óò rántí ọdún 2011, tí àwọn adigunjalè dá bọ́ọ̀sì wa dúró nígbà tí à ń ti ọjà bọ̀. Wọ́n gba owó, wọ́n sì yìnbọn lu ọ̀kan nínú wa lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e dé ní àfi ká lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ń béèrè ìwé! Ilé ìwòsàn kejì ló gbà á.

Ẹ gbọ́ o: láti ọdún 2017, òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ pé gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà lọ́wọ́ o, kò sí o. Àwọn fúnra wọn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín.

Ẹsẹ̀ ẹnìkejì mi jinná. Èmi tí ìbọn ò bà ni n kò rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. N kò lè wọ bọ́ọ̀sì lọ ra ọjà mọ́, ṣọ́ọ̀bù sì ń gbẹ. Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé, "Èló ni wọ́n gbà?" Kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Ṣé ẹ ń sùn?"

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi lọ rí dókítà ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Mo purọ́ fún ẹgbẹ́ nígbà náà pé ìkómọ ni mo lọ ṣe. Ẹ foríjì mí. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ óò ní mo ti ya wèrè. Ọ̀rọ̀ sísọ àti oògùn díẹ̀ ni wọ́n fi tọ́jú mi. Ẹ sì ń rí mi, ìwé ẹgbẹ́ kò ṣìnà lọ́wọ́ mi. Òfin ìlera ọpọlọ ti ọdún 2023 pàápàá kò fẹ́ ká torí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Ní ti ẹjọ́, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 fún adájọ́ láṣẹ láti ní kí ẹni tó jẹ̀bi san owó fún ẹni tó ṣe níbi. Ẹni tí kò lówó lóyà lè lọ sí Legal Aid Council. Iṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún aláìní.

Mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ fún nǹkan mẹ́ta:

1. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì máa tẹ̀lé ẹni tí wọ́n bá ṣe níbi lọ sí tọ́ọ̀ṣán àti kóòtù.
2. Kí àpò ìrànwọ́ máa san owó mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.
3. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ibi. Àmọ́ bí a bá rí i, kí a má dá a rù.