Laurel àti Hardy: Ta Ni Ẹnìkejì?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ọmọdé bá ti ń dàgbà, iṣẹ́, ìgbéyàwó, owó àti ìlara a máa tú agbo eré ká. Bí ó bá wá ṣe pé eré gan-an ni iṣẹ́ òòjọ́ ẹni, tí owó àti òkìkí sì rọ̀ mọ́ ọn, ìtúká náà a tún máa yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹ̀yin òǹwòran, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, fi ara balẹ̀ wo àwọn méjì kan tí wọ́n ṣeré pọ̀ ju ogún ọdún lọ. Àwọn náà ni Stan Laurel àti Oliver Hardy, apanilẹ́rìn-ín inú sinimá Amẹ́ríkà.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá kò jọra. Ní ọdún 1890 ni wọ́n bí Laurel, èyí tínínrín, sí ìlú Ulverston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìdílé onítíátà. Ẹgbẹ́ òṣèré Fred Karno ni ó bá dé Amẹ́ríkà ní 1910, ẹgbẹ́ kan náà tí Charlie Chaplin wà. Ìlú Harlem ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n bí Hardy, èyí tí ó síngbọnlẹ̀, sí ní 1892. Olúkúlùkù ti ṣe fíìmù púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ilé-iṣẹ́ Hal Roach tó so wọ́n pọ̀ ní 1927. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi ìgbà tí wọ́n di méjì.

Nínú eré wọn, Hardy gbà pé òun ni ọ̀gá. A ti Laurel sẹ́yìn, a ní kí ó jẹ́ kí òun fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn án, lẹ́yìn náà ni yóò ṣubú lulẹ̀ gbì. Bí ó bá dìde, a kọjú sí àwọn òǹwòran bí ẹni tí ń pe ẹlẹ́rìí. Laurel ní tirẹ̀ a họrí, a sì bú sẹ́kún. Ẹ wo The Music Box, fíìmù wọn ti 1932 tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún eré apanilẹ́rìn-ín kúkúrú. Wọ́n fẹ́ gbé pianó kan tí wọ́n kàn sínú àpótí lọ sí ilé kan tí ó wà lókè àtẹ̀gùn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Léraléra ni àpótí náà ń yọ̀ bọ́ padà sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dókè tán, apínlẹ́tà kan sọ fún wọn pé ọ̀nà ọkọ̀ wà lẹ́yìn ilé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún gbé pianó náà sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lè fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn gbé e gba ọ̀nà náà! Òmùgọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ẹrù sílẹ̀ fún èkejì, kí ó máa lọ sílé rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá wọn mu, èyí ni ‘ẹnìkejì’. Inú òǹkà ni ó ti wá, nítorí ‘èjì’ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó gba ipò kejì. Bí Òjó bá jẹ́ ẹnìkejì Àìná, Àìná náà ni ẹnìkejì Òjó. Bí a bá wá béèrè ẹni kìíní láàárín wọn, ọ̀rọ̀ náà kò dáhùn.

Àwọn èdè mìíràn náà rí i bẹ́ẹ̀. Dick und Doof ni àwọn ará Jámánì pe àwọn méjèèjì, ìyẹn Ẹni-sísanra àti Òmùgọ̀. Àwọn elédè Sípéènì ń pè wọ́n ní Ẹni-sísanra àti Ẹni-tínínrín. Àwọn ará Póláńdì ń pè wọ́n ní Flip i Flap. Orúkọ ń yí padà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ‘àti’ tí ó wà láàárín kò yẹ̀. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ èdè Sípéènì, Faransé, Jámánì àti Ítálì nínú àwọn eré kan, láàárín 1929 sí 1931. Wọn kò gbọ́ àwọn èdè náà. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sára pátákó bí a ti ń pè é, wọ́n sì ń kà á. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín síbẹ̀, nítorí bí ẹni méjì ṣe ń bá ara wọn gbé kò nílò ògbufọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ ayàwòrán ńkọ́? Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Laurel ni ó ń bá àwọn òǹkọ̀wé gbìmọ̀ tí ó sì ń jókòó ti àwọn tí ń gé fíìmù; bí iṣẹ́ bá parí, Hardy a gba pápá gọ́ọ̀fù lọ. Owó Laurel pọ̀ ju ti Hardy lọ, Hardy sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní pẹ̀lú Hal Roach, tọ̀kan kì í sì í parí nígbà tí tèkejì bá parí. Nípa bẹ́ẹ̀, wọn kò lè fi ohùn kan bá agbanisíṣẹ́ dúnàá-dúrà. Nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ láàárín Laurel àti Roach, Harry Langdon ni wọ́n fi ti Hardy lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú Zenobia ní 1939. Òṣèré gidi ni Langdon, ṣùgbọ́n fíìmù náà kò ta. Ní ọdún náà gan-an ni Laurel àti Hardy tún padà sọ́dọ̀ ara wọn.

Fíìmù wọn ìkẹyìn jáde ní 1951. Ní oṣù kẹsàn-án 1953, ọkọ̀ ojú omi wọn gúnlẹ̀ sí Cobh ní ilẹ̀ Ireland. Èrò pé jọ lọ súà, agogo kàtídírà sì ń lu orin tí ó máa ń ṣáájú eré wọn. Laurel sọ lẹ́yìn náà pé ẹkún ni àwọn sun.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Hardy ní 1956, ó sì kú ní oṣù kẹjọ 1957. Ara Laurel kò yá tó láti lọ síbi ìsìnkú. Ọdún méje ó lé díẹ̀ ni ó tún lò láyé kí ó tó kú ní 1965. Wọ́n fún un ní Oscar ọlá ní 1961, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́.

Ní ilé-ìwé, ọmọdé a tètè mọ ẹni tí ó gba ipò kìíní àti ẹni tí ó gba ipò kejì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá kọ́ ju ìyẹn lọ, báwo ni yóò ṣe mọ ẹnìkejì rẹ̀ bí ó bá rí i? Ogún ọmọdé kò ṣeré fún ogún ọdún lóòótọ́. Ẹni méjì péré ni ó ṣe é.