Ọjọ́ Kò Tí Ì Lọ: Ọ̀rọ̀ Nípa Nọ́ọ̀sì Tí Ó Dàgbà Kí Ó Tó Wọ Iṣẹ́ Ológun

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Àgọ́ Aláyè ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé. Bí obìnrin tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí ó ti lọ́kọ, tí ó sì ti bímọ, bá ní òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, kí ni kí á sọ fún un? Èsì tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé ọjọ́ ti lọ. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé ọjọ́ kò tí ì lọ fún ẹni tí ó bá tètè ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kì í ṣí sílẹ̀ títí.

Ogun kì í ṣe àlejò ní agbègbè wa. Ní oṣù August ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, ìtòsí wa ní Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n dé kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ìró ìbọn ni ó ń wá sí wa lọ́kàn, a kì í rántí pé níbikíbi tí ìbọn bá ti dún, ẹni tí yóò di ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí á rántí Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì rán an lọ sí Burma. Ní oṣù March ọdún 1944, àwọn ará Japan kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò Kaladan. Ó fara gbọgbẹ́ gidigidi, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ni wọ́n sì fi òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, pamọ́ fún oṣù púpọ̀. Ọlọ́run dá a sí, ó sì padà wálé. Ọdún 2012 ni ó tó kú. Bí ogun bá lè gba ọmọdé tí kò tí ì ju ọmọ ilé ìwé lọ, tí ó sì fi ìtọ́jú aláìsàn lé e lọ́wọ́, kí ni ó burú nínú pé àgbà nọ́ọ̀sì fẹ́ lọ?

Ẹ tún wo ogun Crimea. Florence Nightingale ti pé ọmọ ọdún 34 nígbà tí ó kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ ní 1854. Ní ọdún náà ni Mary Seacole, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Jàmáíkà, tí ó ti tó ọmọ ọdún 49, bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n mú òun náà lọ. Wọn kò gbà. Ó fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó kọ́ ilé sí ìtòsí ojú ogun ní 1855, ó sì ń fún àwọn ọmọ ogun ní oúnjẹ àti oògùn.

Ní ilẹ̀ wa, nọ́ọ̀sì ni obìnrin tí ó kọ́kọ́ gba oyè ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, Josephine Tolefe, ní 1961. Aderonke Kale, ọmọ Yorùbá, ti di dókítà àrùn ọpọlọ, ó sì ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1972. Ní 1994 ó di Méjọ̀-Jẹ́nẹ́rà, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní Nàìjíríà.

Kí ni àgbà nọ́ọ̀sì ń mú lọ? Ẹ̀yin tí ẹ mọ títì Èkó sí Benin tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá mọ ohun tí ọkọ̀ tí ó dànù ń fi ènìyàn ṣe. Nọ́ọ̀sì tí ó ti gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lóru, tí ó ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí ó ti mọ ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú àti ẹni tí ó lè dúró díẹ̀, ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ ojú ogun. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ nípa ilẹ̀kùn náà. Nínú ìkéde àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọmọ ogun kékeré tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í ju ọmọ ọdún 26 lọ. Ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì tí ó ti jáde yunifásítì fi ń di ọ́físà ni Direct Short Service Commission, ọmọ ọdún 32 ni òpin rẹ̀ nínú ìkéde wọ̀nyẹn. Àwọn àgbà dókítà nìkan ni wọ́n ń gbà dé 40. Èyí fi hàn pé Nightingale fúnra rẹ̀ ì bá ti pẹ́ jù! Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti pé 28 tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà síbẹ̀, kí ó kó ìwé rẹ̀ jọ: ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwé agùnbánirọ̀, àti ìwé ọjọ́ ìbí. A sì ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ búra ní kóòtù láti dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá fi irọ́ wọ iṣẹ́, irọ́ náà ni yóò lé e jáde, orúkọ ìdílé yóò sì bà jẹ́.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àgbà nọ́ọ̀sì yóò sáré pẹ̀lú ọmọ ogún ọdún, yóò kí ọ̀gá tí ó jẹ́ àbúrò rẹ̀, wọ́n sì lè gbé e láti Yaba lọ sí Kàdúná tàbí Máídúgùrì láìbi í bí ó bá fẹ́. Ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró jù ọjọ́ orí lọ, àwa ará ilé ni èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yìí máa ṣàlàyé ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kí ọjọ́ má baà kọjá kí wọ́n tó gbọ́. Èkejì, kí ọkọ, ìyá ọkọ àti ẹbí fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti bá ẹni tí ó bá lọ tọ́mọ. Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe fi ẹni tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ológun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun, àwọn ilé ìwòsàn agbègbè wa náà sì ń fẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Wọ́n kọ Mary Seacole, síbẹ̀ ó rí àwọn tí ó tọ́jú.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun sí, kí ó sì mú wọn padà wálé ní àlàáfíà. Àgọ́ Aláyè yóò máa tẹ̀ síwájú.