Ọmọ Tuntun Kò Lè Sọ Ohun Tí Ń Ṣe É

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ọmọ tuntun.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Ó bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà ké dáadáa, ó sì mu ọmú. Ní ọjọ́ kẹrin, kò mu ọmú bí ti àná mọ́. Ara rẹ̀ rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ó sùn, ó rẹ̀ ẹ́ ni." Ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná. Bàbá rẹ̀ sáré lọ sí ọjà, ó ra kóró oògùn aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tí ń ru oògùn kiri. Wọ́n tú u, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n fi ṣíbí fún ọmọ. Ọjọ́ keje ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́. Ọmọ náà kú ní òru. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Aṣọ ti wà nílẹ̀, orúkọ sì ti wà lẹ́nu bàbá.

Àwọn kan ní àbíkú ni. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀.

Àìsàn wo nìyí?

Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí. Wọ́n wà lọ́wọ́ wa, lára aṣọ, lára abẹ tí a fi gé ìwọ́. Àgbàlagbà ní agbára láti bá wọn jà. Ọmọ tuntun kò tíì ní in. Bí kòkòrò bá gba ojú ìdodo tàbí ihò imú wọlé, tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a gbé e ká gbogbo ara. Ọmọ lè kú láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ọdún 2022, àwọn ọmọ tí ó kú ní gbogbo ayé kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28 tó mílíọ̀nù 2 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó pa púpọ̀ nínú wọn.

Èéṣe tí abẹ́rẹ́ kò fi ṣiṣẹ́?

Oògùn tí ń pa kòkòrò wọ̀nyí ni a ń pè ní àńtíbíọ́tíìkì. Ọ̀kan nínú wọn ni penisilíìnì, tí Alexander Fleming rí ní ọdún 1928. Ní ọdún 1945, òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lò ó ní ìwọ̀n tí kò tó, ń kọ́ kòkòrò láti borí oògùn ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èkan. Bí a bá ro ó, tí a kò wú u, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ le jù ni yóò hù padà. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò rí. Bí a bá lo oògùn díẹ̀, tí a fi í sílẹ̀, tàbí tí a lò ó fún àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn kòkòrò tí kò lágbára a kú, àwọn alágbára a kù. Àwọn alágbára a bímọ. Oògùn náà kò ní lè pa àwọn ọmọ wọn.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin kò tíì lo oògùn rí. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó wọ inú rẹ̀ ti bá oògùn pàdé lára àwa àgbà. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti gbọ́n. Kóró oògùn tí a lò nítorí ọ̀fìnkìn lánàá lè sọ abẹ́rẹ́ di omi lásán fún ọmọ aládùúgbò wa lọ́la.

Láàrin ọdún 2018 àti 2020, àwọn oníṣègùn wo ọmọ tuntun tí ó lé ní 3,200 ní orílẹ̀-èdè 11. Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn tí a máa ń kọ́kọ́ lò kò kápá kòkòrò mọ́. Òmíràn tí wọ́n ní láti wá, ó wọ́n, kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbẹ̀bí, kí ẹ tó gbé ọmọ. Kí àlejò náà fọwọ́.

2. Abẹ tuntun ni kí a fi gé ìwọ́. Ẹ má fi eérú, epo tàbí ìgbẹ́ màlúù sí ìdodo. Ohun tí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn bá fún yín nìkan ni kí ẹ fi sí i.

3. Ẹ fún ọmọ ní ọmú láti wákàtí kìíní. Ẹ má da omi ọmú àkọ́kọ́ nù. Ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo kí ó tó pé oṣù mẹ́fà.

4. Ẹ má ra àńtíbíọ́tíìkì lọ́jà. Oòrùn ti ba òmíràn jẹ́, òmíràn sì jẹ́ ayédèrú. Èyí tí dókítà bá kọ, ẹ lò ó bí ó ti wí.

5. Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: kò mu ọmú dáadáa, ara rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù, gìrì mú un, kò mira, àyà rẹ̀ ń jìn wọnú bí ó bá ń mí, ìdodo rẹ̀ pọ́n tàbí ó ń ṣọyún, èémí rẹ̀ tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e mọ́ àyà lọ́nà, kí òtútù má mú un.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní ọmọ títọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ bímọ mìíràn lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọbìnrin ni. Ó ti fi ẹfun kọ àwọn àmì náà sára ìlẹ̀kùn. Ní òru ọjọ́ kẹta, ọmọ ń mí kíákíá. Ìyá mú aago, ó kà á: 68. Ó tún un kà: 70. Wọn kò dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí.

Ìbéèrè fún kíláàsì: Èémí mélòó ni ó pọ̀ jù fún ọmọ tuntun ní ìṣẹ́jú kan? Níbo ni kòkòrò ti kọ́ láti borí oògùn? Ta ni yóò gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru ní abúlé yín?

Ó dìgbà kan ná.